Kàrábíìnì 22 tí a ń fọwọ́ fà, tí owó rẹ̀ ò ga jù: èwo ni kí n rà?

Ọmọ_Ìdènà, Kétu

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín. Mo ń gbé ní Kétu nílẹ̀ Benin níbí, oko wa wà ní ọ̀nà Ìlárá. Ìbọn kálíbà 12 ẹlẹ́nu méjì tí bàbá mi fi ṣọdẹ ṣì wà nílé, ìwé rẹ̀ pé, èmi ni mo ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ látìgbà tí ojú wọn ò ti ríran dáadáa mọ́. Àmọ́ ìbọn yẹn ò wúlò fún ohun tó wà lọ́kàn mi. Èmi ò fẹ́ pa ẹran kankan. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí n lọ sóko lọ́sàn-án Sátidé, kí n to agolo tòmáàtì márùn-ún sórí ilẹ̀, kí n máa yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ara mi á fi balẹ̀. Tí n bá fi kálíbà 12 ṣe é, tó bá ti tó mẹ́wàá èjìká mi ti wú nìyẹn bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó gún, owó kàtúùṣì, ìyẹn ọta rẹ̀, náà ò sì jẹ́ kéèyàn lè máa fi ṣeré.

Wọ́n ní kàrábíìnì tó ń lo ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní 22 Long Rifle ni kí n wá, pé kì í lu èjìká, ariwo rẹ̀ ò pọ̀. Mo ti tọ́jú 300.000 fránkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fẹ́ kí owó yẹn gbé lùnẹ́ẹ̀tì náà, awò tí wọ́n ń dè sórí ìbọn láti fi wo àmì. Ẹ jọ̀ọ́ èwo ló dáa níbẹ̀? Ṣé kí n ra tuntun ni àbí àlòkù? Àti pé àwọn kan ní kí n kúkú gba èyí tó ń yìn tẹ̀léra láìfọwọ́ fà, pé ìyẹn ló dùn jù, kí lẹ rí sí i?


Ajase_Lyon

Àbúrò, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni mo ń gbé, ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí àmì níbí, kò sì sí Sọ́ńdè tí mi ò kì í lọ àfi tí ara mi ò bá yá.

Èyí tí a ń fọwọ́ fà ni kó o rà. Tó o bá yìn ín tán, wàá gbé ọwọ́ kúlásì, irin tó ń ti ọta wọlé tó sì ń dí ẹ̀yìn ọ̀pá, sókè, wàá fà á sẹ́yìn, kóró kàtúùṣì tó ti jó á fò jáde, wàá tì í padà síwájú kí òmíràn wọlé. Ìdúró díẹ̀ yẹn ló ń sọ èèyàn di ẹni tó mọ ìbọn-ún yìn, torí o ráyè mí, o ráyè bi ara rẹ pé kí ló dé tí ti ẹ̀ẹ̀kan fi yà sí apá òsì. Èyí tó ń yìn fúnra rẹ̀, o ti tú mẹ́wàá dànù kó o tó mọ̀ pé o ò bá nǹkan kan. Kódà òfin ilẹ̀ Faransé níbí ò wo àwọn méjèèjì bákan náà, èyí tí a ń fọwọ́ fà tí ọta rẹ̀ ò ju 11 lọ, kátégórì C ni, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ẹgbẹ́ tàbí ìwé ọdẹ lè rà á kó kéde rẹ̀, àmọ́ èyí tó ń yìn fúnra rẹ̀ tí àpótí ọta rẹ̀ gba púpọ̀, B ni, o gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó o tó fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku èwo. CZ 457 ni mo ń lò, Uherský Brod ní ilẹ̀ Czech ni wọ́n ti ń ṣe é. Kúlásì rẹ̀ kì í ga ju dígírì 60 lọ tó o bá gbé e sókè, ìyẹn ni pé lùnẹ́ẹ̀tì lè wà lórí rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ má máa gbá a, gàṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìka ń fà kó tó dún, náà ṣeé dẹ̀ ṣeé mú le. Ìbọn tó pé ni, àmọ́ tuntun rẹ̀ máa kọjá owó tó wà lọ́wọ́ rẹ. Savage Mark II, ní Lakefield ní Kánádà ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ rọjú díẹ̀, ìdí oníke tó wà lára òmíràn máa ń fúyẹ́ jù fún mi ṣùgbọ́n gàṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní AccuTrigger yẹn dáa púpọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa fọwọ́ ara rẹ tún un ṣe. Ruger American Rimfire náà wà, àpótí ọta ìbọn 10/22 tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń lò, torí náà àpótí rẹ̀ kì í ṣòro rí. Èyí tó kéré jù lówó ni Norinco JW-15 láti Ṣáínà, ìbọn BRNO àtijọ́ ti ilẹ̀ Czech ni wọ́n wò ṣe é. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Igi rẹ̀ rí wúruwùru, kúlásì rẹ̀ ń há díẹ̀díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, mo fi òróró pa á mo sì ń fà á ṣáá títí ó fi yọ̀, àmọ́ ọ̀pá rẹ̀ ò purọ́ fún mi rí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni owó rẹ, CZ 452 àlòkù ni màá wá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n 455 àti 457. Irin àti igi gidi ni, ó lè sin ìwọ àti ọmọ rẹ.

Àlòkù kì í ṣe nǹkan ẹ̀rù tó o bá mọ ibi tí wàá wò. Yọ kúlásì rẹ̀ jáde pátápátá, gbé ìdí ọ̀pá sójú ìmọ́lẹ̀, wò ó láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Àwọn ilà tó yípo nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete bí ilà ojú àgbà, tó bá rí bíi pé èérún dúdú kún inú rẹ̀ tí kò sì lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti nù ún, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nìyẹn, fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wo etí ihò tí kàtúùṣì ń jókòó sí. 22 yìí, etí ìdí kàtúùṣì ni ẹ̀tù tó ń ṣáná sí i wà, kò sí láàárín bíi ti kálíbà 12, torí náà etí ni pín, irin kékeré tó ń gbá ìdí kàtúùṣì kó tó dún, ń gún. Ẹni tó bá ń fa gàṣẹ́ẹ̀tì lórí òfìfo nígbà gbogbo, pín á máa gún irin, á wá dá ojú sí etí ihò yẹn, kàtúùṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í há tàbí kó máa kọ̀ láti dún. Fi èékánná rẹ tọ́ etí náà yípo. Tó bá ti kọ́ ọ léékánná, kó owó rẹ sápò.


OdeSabe

Mo kí yín o. Ẹ̀yin ọmọdé ti sọ̀rọ̀ ìbọn, ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ ibi tí ọta ń lọ, torí mi ò rí ẹni tó bi ọmọ yìí pé kí ló wà lẹ́yìn agolo tòmáàtì rẹ̀.

Ọdẹ ni mí ní Ṣábẹ̀, bàbá mi ṣọdẹ, bàbá tó bí wọn náà ṣọdẹ. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, àpáta ló yí wa ká. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí kàrábíìnì 22 yìí ọdún náà ti pẹ́ díẹ̀, mo rò pé ìbọn ọmọdé ni, mo gbé akèrègbè fífọ́ kan ti ara àpáta, mo dúró sí nǹkan bí ogún ẹsẹ̀, mo yìn ín. Mo bá akèrègbè o. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ fííì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, mo wo ẹ̀yìn, òjé náà ti padà wá, ó ti wọ ẹ̀rúkọ́ tí ọmọ mi gbé lé èjìká. Ẹ̀rúkọ́ yẹn ò jìnnà sí ọrùn rẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè dìde fún ìgbà pípẹ́. Òjé rẹ̀ rọ̀, ó kéré, gíráàmù méjì àbọ̀ lé díẹ̀ péré ni, síbẹ̀ ó máa ń ta padà lára ohun líle, ó sì ń ta lórí omi pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má yìn ín sójú odò.

Tí nǹkan kan ò bá sì dá a dúró, tí èèyàn gbé imú ìbọn sókè díẹ̀, ọta kékeré yẹn á lọ ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Ní ọ̀nà Ìlárá tó o sọ yẹn, kí ló wà láàárín kìlómítà kan àbọ̀? Oko ẹlòmíràn ni. Tó bá jẹ́ àsìkò kajú, àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń ṣa kajú wà lábẹ́ igi, wọ́n tẹrí ba, o ò lè rí wọn.

Torí náà kó o tó ra nǹkan kan, lọ wá ọ̀gán ńlá tó ti kú lóko yín, èyí tó ga ju èèyàn lọ tó sì fẹ̀. Má yìn ín sí ọ̀gán lásán o, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìta rẹ̀ máa ń le bí amọ̀ sísun. Kó yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú rẹ̀, èyí tó o ti ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, kí ó ga dé àyà rẹ kí ó sì nípọn. Iwájú yẹ̀pẹ̀ yẹn ni agolo rẹ yóò wà, nísàlẹ̀, kí ìbọn rẹ máa wo ilẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo. Kó ẹ̀ka igi dí ojú ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá kó o sì sọ fún àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ sódò.


Ọmọ_Ìdènà

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rúkọ́ yẹn, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Òótọ́ ni mi ò ronú kan ẹ̀yìn agolo rárá, orí ilẹ̀ gbalasa ni mo fẹ́ tò wọ́n sí. Ọ̀gán méjì wà lóko wa, ọ̀kan ti kú.

Ẹ̀gbọ́n Lyon, ẹ ṣeun, CZ 452 ti wọ̀ mí lójú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹnì kan lè bá mi gbé e wá láti òdìkejì ààlà láìsí wàhálà, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Àti kàtúùṣì, ṣé gbogbo rẹ̀ ò kan jẹ́ bákan náà ni?


Ìyá_Ìbejì_Ipobẹ́

Àbúrò mi, má dá ọ̀rẹ́ yẹn lóhùn. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìwé ni mo ń bá àwọn èèyàn tẹ̀ tí mo sì ń bá wọn tò, mo ti rí i. Àbúrò ọkọ mi kan ló di kàrábíìnì sínú ẹrù bọ̀ láti ìrìn àjò, ó ní ìbọn ṣeréṣeré lásán ni, ó tiẹ̀ ní rìsíìtì rẹ̀ lápò. Wọ́n gbà á, wọ́n tì í mọ́lé, owó tí ẹbí ná lórí ọ̀rọ̀ yẹn ra ìbọn mẹ́ta. Rìsíìtì kì í ṣe àṣẹ. Orílẹ̀-èdè wa wà nínú àdéhùn CEDEAO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (ECOWAS), lórí àwọn ìbọn kékeré tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006, kò sí pé èèyàn kan á kàn gbé ìbọn kọjá ààlà torí pé ó mọ ọ̀nà, ì báà jẹ́ 22 ì báà jẹ́ ṣakabùlà.

Ohun kejì. O ní ìwé kálíbà 12 pé. Ìwé bàbá rẹ ni, ìwé ìbọn yẹn sì ni. Kì í ṣe ìwé rẹ, kì í ṣe ìwé kàrábíìnì. Kọ́kọ́ lọ sí kòmísáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, ní Kétu, mú káàdì rẹ dání, sọ ohun tó o fẹ́ rà àti ohun tó o fẹ́ fi ṣe, béèrè bí wọ́n ṣe ń gbàṣẹ rẹ̀ kó o tó ná kọ́bọ̀ kan. Bi wọ́n nípa ibi tí wàá ti máa yìn ín pẹ̀lú, kí wọ́n má baà gbọ́ ìró ìbọn lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n wá fi mọ́tò wá ọ lóko. Àti ti bàbá rẹ náà, tí ojú wọn ò bá ríran mọ́ tó jẹ́ ìwọ lo ń gbé e, tètè lọ tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe.

Ó tún ku ilé. Ìyá ọmọ ni mí. Àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ìbọn wà, kúlásì rẹ̀ níbòmíràn, kàtúùṣì níbòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ má kúrò lára rẹ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́.


Ajase_Lyon

Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ délẹ̀, mi ò ní fi nǹkan kan kún un.

Kàtúùṣì ò jẹ́ bákan náà rárá. Ìbọn 22 kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó fẹ́ràn, méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra. Ra páálí àádọ́ta kọ̀ọ̀kan, CCI Standard, Eley, SK, èyíkéyìí tó o bá rí rà lọ́nà òfin, yìn márùn-ún márùn-ún sórí bébà ní mítà 50 pẹ̀lú ìbọn lórí àpò iyanrìn. Èyí tó jẹ́ pé owó onírin 25 fránkì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ihò márààrún, òun ni ti ìbọn rẹ, má wo orúkọ ara páálí mọ́. Má lé èyí tó ń yára jù. Èyí tó rìn ní nǹkan bí 320 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ò kọjá eré ìró, kì í dún pàà lójú ọ̀run, ó sì máa ń lọ síbì kan náà.

Tó bá kọ̀ tí kò dún, má ṣí kúlásì. Jẹ́ kí imú ìbọn máa wo yẹ̀pẹ̀, ka ọgbọ̀n, kó o tó fà á jáde. Àti lùnẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ṣe fún 22 tí wọ́n tò sí mítà 50 ni kó o rà, tìńtìnní owó ni, èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ti tó fún agolo. Nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, aṣọ tó ní òróró díẹ̀ lára ni kó o fi nu ìta ọ̀pá lẹ́yìn tó o bá lò ó tán, òógùn ọwọ́ nìkan ń mú ìpẹtà wá.


Ọmọ_Ìdènà

Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Ìbejì, bàbá wa ní Ṣábẹ̀, mo kí yín tọkàntọkàn. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé rárá. Ọjọ́ Mọ́ńdè màá lọ sí kòmísáríà, mo ti ṣe fótókópì káàdì mi àti ìwé bàbá mi.

Mo lọ síbi ọ̀gán tó kú yẹn lówùúrọ̀ yìí. Mo wọn 50 ẹsẹ̀ sẹ́yìn kúrò níbẹ̀, mo wo ọ̀kánkán, mo rí òrùlé páànù ìyá kan tó ń sun gàrí tí mi ò mọ̀ pé ó hàn láti ibẹ̀. Torí náà apá kejì ọ̀gán ni màá dúró sí, kí n kọ ẹ̀yìn sí òrùlé yẹn, igbó wa nìkan ló kù níwájú. Yẹ̀pẹ̀ ti dé orúnkún mi báyìí, òkúta tí mo ṣa nínú rẹ̀ ti kún garawa méjì.