Mo fẹ́ da C àti D pọ̀ láìpàdánù fáìlì: ọ̀nà wo ló dára jù?

Ẹ̀yin ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìkòròdú ni mo ń bèèrè nípa rẹ̀. Windows 10, díìsìkì 500 GB. C, apá díìsìkì tí Windows wà, 100 GB, ti kún dẹ́nu. Iṣẹ́ oníbàárà tó tó 210 GB sì wà lórí D, apá mìíràn lára díìsìkì kan náà.

Nínú Disk Management (irinṣẹ́ Windows fún pínpín díìsìkì), "Extend Volume", tí wọ́n fi ń fẹ apá kan, kò ṣeé tẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣókùnkùn: àyè òfìfo gbọ́dọ̀ fara kan C lápá ọ̀tún gan-an, Recovery 500 MB (apá tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe) ló sì jókòó sáàárín òun àti D. Bí mo bá gé lára D, ẹ̀yìn D ni àyè náà máa bọ́ sí, C ò ní rí i lò.

Èrò mi ni kí n da D kọ sórí díìsìkì àtagbé, kí n ṣí fáìlì díẹ̀ wò níbẹ̀, kí n tẹ reagentc /disable (àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ Recovery dúró), kí n pa D rẹ́, kí n fi diskpart, irinṣẹ́ Windows tí a ń fi àṣẹ darí, pa Recovery rẹ́ (delete partition override), kí n wá na C.

Àwọn kan ní kí n fi GParted (ètò ọ̀fẹ́ fún pínpín díìsìkì) sún D dípò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí nìyẹn o! Bí iná bá lọ lágbede méjì, D lè bàjẹ́ pátápátá. Iná Ìkòròdú kẹ̀?

Ṣé reagentc /enable á tó lẹ́yìn náà, àbí kí n fi 1 GB sílẹ̀ ní ìparí díìsìkì fún Recovery? CorelDRAW, ètò ìyàwòrán, á ṣì máa wá àwòrán lórí D; subst (àṣẹ tó ń fún fódà ní lẹ́tà díìsìkì bíi D) á gbà á, ṣùgbọ́n ó ń parẹ́ bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ. Kí lẹ máa ń ṣe sí ìyẹn?