Ẹ gbà mí, omi ń bọ̀, màmá mi ò ṣe é gbé

Olùbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú la wà. Omi dáàmù Ọ̀yán tún ti dé, ó wọ ẹ̀yìnkùlé wa lóru àná. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní òun á wá gbé màmá ti pa fóònù. Lándílọ́ọ̀dù ní òun ti kìlọ̀ láti oṣù kẹjọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àdúgbò mẹ́fà ló gbé màmá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní ká lọ yá katakata. Màmá sunkún mọ́jú. Wọ́n ní àwọn ò jáde mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, arábìnrin. Ṣé wọ́n lè dìde dúró? Ẹ yọ ìlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tẹ́ wọn lé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé bàbá ọkọ mi n'Íbàdàn ní 2011, òjò ọjọ́ Ẹtì yẹn. Afárá ti já, a sáà ń gbé wọn lọ.

Bàbá Àgbà: Ọmọ mi, láti oṣù kẹjọ lo ti gbọ́, kí lo dúró dè?

Olùbéèrè: Bàbá, owó wo ni mo fẹ́ fi gba ilé míì? Màmá ò sanra báyìí tẹ́lẹ̀, orúnkún ló dá wọn jókòó.

Ọmọ Ìṣẹ́rì: Bàbá, ẹ jẹ́ kí omi lọ ná kẹ́ ẹ tó bá a wí.

Ìyá Ìbejì: Ìlẹ̀kùn ni mo ní o.

Nọ́ọ̀sì Houston: Ẹ dúró ná. Kílò mélòó ni wọ́n? Báwo ni wọ́n ṣe ń sùn? Nígbà ìjì Harvey ní Houston l'Amẹ́ríkà ní 2017, ohun tá a kọ́kọ́ ń bi mọ̀lẹ́bí nìyẹn. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112, báyìí, ẹ sọ kílò wọn gan-an, kí wọ́n lè kó èèyàn tó pọ̀ tó wá. Ẹ má tijú.

Olùbéèrè: Ìwọ̀n ọsibítù ò lè kà á. Orí ìwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù la ti wọ̀n wọ́n, kílò 170. Wọn ò fẹ̀yìn lélẹ̀ láti ọdún méjì, orí àga ni wọ́n ń sùn. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, èémí á há, ètè wọn á ṣú. Àwọn ọmọ yẹn tẹ́ wọn gbalaja, wọ́n dákú lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Nọ́ọ̀sì Houston: Háà! Èyí gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ́ wọn sílẹ̀. Ìjókòó ni kí wọ́n wà títí dénú ọkọ̀, lórí àga onírin, kì í ṣe oníke. Ẹ sọ fún àwọn 767 bẹ́ẹ̀. Ẹ wá típà kí omi tó jìn. Ẹ nu abẹ́ ọmú àti abẹ́ ikùn wọn gbẹ, torí bí omi àgbàrá bá wọ ibi tó ti bó, egbò ni. Ẹ di oògùn sínú ọ̀rá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ forí jì mí. Bàbá ọkọ mi sanra gan-an, èémí àwọn náà máa ń há. Wọn ò dé ọsibítù. Òjò la dá lẹ́bi láti ọjọ́ náà.

Olùbéèrè: Mo ti pè wọ́n. Wọ́n béèrè kílò, mo sọ ọ́. Omi ti dé àtẹ̀gùn kejì. Màmá ti gbà láti jáde, wọ́n ní kí n ṣáà bẹ àwọn tó ń bọ̀ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.