Èmi tí mò ń fa itọ́ nígbà kòrónà

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìtàn tí ẹ kọ nípa iṣẹ́ yín nígbà kòrónà. Tèmi rèé.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ran dókítà eyín lọ́wọ́ nígbà tí kòrónà dé ní 2020. Èmi ni mò ń di ọ̀pá tó ń fa itọ́ mú. Bí dókítà bá ti tẹ ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ eyín, omi tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ itọ́ àti ẹ̀jẹ̀, á sì fọ́n sí wa lójú bí ìrì. Inú itọ́ gan-an ni kòrónà sì máa ń wà. Rédíò ń pariwo pé kí oníkálukú fi mítà 2 jìnnà sí ẹnìkejì. Ojú tèmi kò jìnnà sí ẹnu aláìsàn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Nígbà kónílé-ó-gbélé, wọ́n ní ká dá eyín fífọ̀ àti eyín dídí dúró. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá, tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí àgbọ̀n rẹ̀ kán nìkan là ń dá lóhùn. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ibi tó dùn mí dọ́kàn ni pípín ìbòmú. N95 díẹ̀ dé, ìyẹn ìbòmú tó nípọn tó sì lẹ̀ mọ́ ojú pinpin, wọ́n pín in fún àwọn dókítà. Ìbòmú aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fún àwa olùrànlọ́wọ́, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀, tó ń kó owú ẹlẹ́jẹ̀ dànù, àǹkárá tó rán fúnra rẹ̀ ló fi ń bo imú. Mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n ní sùúrù, yóò kárí. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́. Afẹ́fẹ́ tí dókítà ń mí náà lèmi ń mí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Mọdákẹ́kẹ́. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti wú dé ọ̀fun, ẹnu rẹ̀ kò yà ju ìka méjì lọ, ó sì ń wúkọ́. Dókítà, tí mo dàgbà jù, wo ojú mi, ó lọ mú àpò bébà kan tí N95 wà nínú rẹ̀. Márùn-ún ló ní, ó kọ orúkọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí N95 tó bá lò lónìí lè sinmi títí ọ̀sẹ̀ á fi yípo, kí kòrónà tó bá wà lára rẹ̀ lè kú. Ọjọ́bọ̀ ló wà lára èyí tó mú wá, kò tíì lò ó rí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wọ èyí. Bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, mi ò ní fọwọ́ kan bàbá."

A fa ọyún náà jáde. Bàbá mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, N95 Ọjọ́rú ni dókítà ń wọ̀ ní Ọjọ́rú, òun náà ló ń wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mò ń to àwọn àpò yẹn.

*Ìdáhùn láti Iléṣà*

Ẹ kú ewu, mà. Ní tiwa, a pa ẹ̀rọ amúlétutù, a ṣí fèrèsé sílẹ̀, òógùn ń ṣàn lára wa. Ṣùgbọ́n eyín tí a yọ ni mi ò lè gbàgbé. Yíyọ eyín kì í fọ́n omi bíi gbígbẹ́, nítorí náà èyí tó yẹ ká tọ́jú ká sì dí, ńṣe là ń yọ ọ́. Ọmọbìnrin kan wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ń múra ìgbéyàwó. Eyín iwájú ni. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé kò sí ọgbọ́n mìíràn?" Mo ní kò sí. Nígbà tí mo gbé e sínú àwo irin, ihò tó wà lára rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ.