Báwo la ṣe ń mọ bí omi odò ṣe pọ̀ tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mọ̀ nípa omi. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa fa omi látinú odò kékeré tí ìlú wa ń pọn, èyí tó ń ṣàn wọnú Odò Ògùn. Nígbà òjò, kò séwu. Oṣù kejì sí ìkẹta ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo ju ọsàn sójú omi, mo ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi rin mítà 10, mo wá fi ìbú àti jíjìn odò sọ eré rẹ̀ di púpọ̀. Wọ́n ní kí n tún sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85, torí omi ìsàlẹ̀ kì í yára tó tòkè. Ṣé iye yẹn bá odò olókùúta tí kò kọjá orúnkún mu? Ó jọ pé ó ti pọ̀ jù.

Ṣé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo tó láti fi bá ilé-iṣẹ́ náà jiyàn, àbí ó di àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún? Ta ló ti gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ àjọ Ogun-Oshun River Basin, àjọ ìjọba tó ń bójú tó omi odò, ní Abẹ́òkúta?