Èsì: Bot kì í ṣe adáhùnṣe, mini app kì í sì í ṣe àfòmọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí èdè, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Adó-Èkìtì ló béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wa: áàpù tí a ń dáńlóòdù sórí fóònù, mini app tó ń ṣiṣẹ́ nínú áàpù mìíràn bíi WeChat (áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà) tàbí Telegram, àti bot tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí tó sì ń fèsì. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkọ̀lé fún un lésì: áàpù adádúró, àfòmọ́, adáhùnṣe. Ọ̀pọ̀ yín ti kí wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ò lè bá yín kí wọn, nítorí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣini lọ́nà, ẹ̀kẹta sì ń parọ́.

Adáhùnṣe ló bí mi nínú jù. Wọ́n ní a + dá + ohùn + ṣe ni: ohun tó ń dáhùn, tó sì ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tí kò mọ adáhunṣe? Bàbá tó mọ ewé mọ egbò ni, a + dá + ohun + ṣe. Ohùn ìsàlẹ̀ orí "hun" nìkan ló là wọ́n láàárín. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde báyìí pé ohùn ni Yorùbá fi ń jẹ́ Yorùbá, pé igbá, igba àti ìgbà ń gbé pọ̀ láìjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a bá àwọn yẹn nílẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó jókòó ṣẹ̀dá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lónìí ní àyè láti yàn. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ẹnu ọ̀nà adáhunṣe la ó lọ pàgọ́ sí?

Ẹ wo ibi tí orúkọ náà yóò ti wúlò gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bot lórí Telegram yóò kọ́kọ́ lọ bá BotFather, bot Telegram tí a fi ń ṣẹ̀dá bot mìíràn, yóò tẹ /newbot, yóò sì yan orúkọ ìdánimọ̀. Lẹ́tà a dé z ti Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà nínú orúkọ yẹn. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tilẹ̀ wá sọ ti àmì ohùn. Dandan sì ni kó parí sí "bot". Adahunsebot ni ìyá ọlọ́jà yóò rí. Àgbo ni yóò rò pé wọ́n ń tà níbẹ̀.

(Ẹni wa láti Ọ̀yẹ́ tó ní ká kúkú gba "bot" yẹn mọ́ra, kí a máa sọ pé ọjàbot, ìleraabot: ọ̀gá, nínú gírámà, Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. A ní ti ìbẹ̀rẹ̀, a ní ti àárín bíi ti inú ọmọkọ́mọ. Telegram lè fipá mú orúkọ, kò lè fipá mú gírámà wa.)

Ká tilẹ̀ ní ohùn yẹn kò da nǹkan rú, kí ni "ṣe" ń wá nídìí ọ̀rọ̀ náà? Bot orí Telegram kò lè kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi kí onítọ̀hún tẹ Start ná. Lórí WhatsApp, bí wákàtí 24 bá ti kọjá tí oníbàárà kọ̀wé kẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kò lè fi bot kọ ohun tó wù ú sí i mọ́, àfi àdàkọ tí WhatsApp ti fọwọ́ sí. Ohun tó ń dúró de kí wọ́n pè é kó tó fọhùn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí látilẹ̀wá. ELIZA, ọ̀kan nínú àwọn bot ìjímìjí, tí Joseph Weizenbaum ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1966, kò ṣe ju kó gba ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀, kó yí i di ìbéèrè, kó dá a padà fún un.

Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí Leo, bot tí báńkì UBA gbé jáde lórí Facebook Messenger ní 2018, pé ó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́, nítorí náà ó ń "ṣe". Kọ̀ǹpútà báńkì ló yọ owó nínú àkáǹtì kan tó fi sínú òmíràn. Leo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, ó gbé e lọ, ó mú èsì bọ̀. Ẹni tó jíṣẹ́ kọ́ ló ṣiṣẹ́.

Adáhùn tó. Mo jókòó ti ìyá kan ní Ọjà Ọba ní Adó nígbà tó ń bá bot ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Fóònù rẹ̀ ti kún fún fọ́tò ìsọmọlórúkọ àti fídíò ṣọ́ọ̀ṣì, áàpù ńlá kò wọ inú rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó máa lo bot. Ó kọ́kọ́ tẹ "Ẹ káàárọ̀". Bot ní òun kò mọ ohun tó ń wí, kó tẹ 1 fún owó ìfipamọ́, 2 fún gbèsè. Ìyá tún tẹ "Ẹ káàárọ̀ o". Ohun kan náà ni bot tún sọ. Ló bá kọjú sí mi: "Kò dá mi lóhùn, nọ́ńbà ló ń kà fún mi." Dá mi lóhùn! Kò sí akọ́mọlédè kankan tó kọ́ ọ. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé adáhùn yóò jọ ènìyàn, ẹ fi ẹ̀rọ ṣáájú rẹ̀: ẹ̀rọ adáhùn.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní Yorùbá ní Ìyìn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, a máa ní ká gbé ọ̀rọ̀ tuntun tọ ẹni tí kò kàwé lọ ká tó gbé e tọ ẹni tó kàwé. Bó bá bi ọ́ pé "kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?", padà sílé lọ tún un ṣe. Àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́rí ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹnu àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń ṣà á.

Ó kan àfòmọ́. Òun ló dùn létí jù, mo sì mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti mú un: àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Mini app náà kò légbò lórí fóònù, inú áàpù ẹlòmíràn ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìdajì kejì òwe náà. Ṣé igi gbogbo ni mini app ń bá tan? Nígbà tí WeChat bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 9 January 2017, wọ́n ní ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 1MB lọ, wọ́n sì ní èdè tiwọn, WXML àti WXSS, tí a fi ń kọ ọ́. Gbé e lọ sórí Telegram, kò ní mira. Ti Telegram, tó dé ní 2022, ojú ewé ayélujára tó ń ṣí nínú Telegram ni, Telegram ló sì ń sọ fún un ta lẹni tó wọlé. Igi kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀.

Àfòmọ́ kì í sì í tọrọ àyè lọ́wọ́ igi. Ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ wá, kó tó di pé igi mọ̀, ó ti rọ̀ mọ́ ọn. WeChat ní tirẹ̀ a máa yẹ mini app wò kó tó jẹ́ kó jáde. Ní January 2025, wọ́n kéde lórí Telegram pé mini app ibẹ̀ tó bá ń lo blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ tí owó orí ayélujára bíi Bitcoin ń gbà ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ lo èyí tí wọ́n ń pè ní TON nìkan. Ẹni tí wọ́n ń pa irú àṣẹ báyìí fún ní orúkọ ní Yorùbá, kò sì yẹ ká máa wá òmíràn kiri: ayálégbé. Áàpù ayálégbé.

Ìdí tí mo fi rò pé "adádúró" ń parọ́ náà nìyẹn. Mọ́fíìmù adádúró, ègé ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ láìlẹ̀ mọ́ òmíràn, lè dá dúró lóòótọ́, kò ní kí ẹnikẹ́ni gbe òun lẹ́yìn. Áàpù wo ló ń dá dúró? Láti July 2008 tí Apple ti ṣí ilé ìtajà áàpù wọn, wọ́n a máa gbà tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí èèyàn bá san nínú rẹ̀. Telegram fúnra rẹ̀, tó ń gba ayálégbé sílé, òfin Apple àti Google ló mú un sọ ní 2024 pé Stars, owó inú Telegram, ni kí bot àti mini app tó ń ta ọjà tí kò ṣeé fọwọ́ mú máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Onílé náà ń yálé gbé. Ẹ pè é ní áàpù lásán, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan yóò ní bí gbogbo wọn bá jẹ́ ayálégbé, kí ni orúkọ náà wá ń yà sọ́tọ̀? Ó ń ya ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni ń gbà kọjá sọ́tọ̀. Bí ìyá yẹn bá lo áàpù ẹgbẹ́ wọn, ohun tó tẹ̀ ń lọ sí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Bó bá lo bot lórí Telegram, yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Telegram kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, Telegram sì lè kà á, nítorí ọ̀rọ̀ àárín èèyàn àti bot kò sí lára èyí tí wọ́n ń tì pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó gbọ́ "ayálégbé" yóò béèrè ilé ta ni kó tó tẹ nọ́ńbà BVN rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ "àfòmọ́" kò ní béèrè nǹkan kan.

Sí ẹ̀gbọ́n wa láti Emùré, tó ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Èkìtì ló ni ìwé náà, "ulé" ló yẹ kó wà níbẹ̀ dípò "ilé", àti "ugi" dípò "igi": ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ulé, mi ò fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé inú ìwé alájẹṣẹ́kù ni ìjà u ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ará Ìlọrin àti Òṣogbo wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí lẹ́tà mìíràn lórí rẹ̀, màá bá yín dá sí i.

Àbúrò, má tíì fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Lórí ohùn "hun" ni kí ẹ ti fún mi lésì.