Ọjà wo ni kí n máa ná ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Wọ́n gbé ọkọ mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Ìbàdàn, èmi àtàwọn ọmọ sì ti tẹ̀ lé e. Ní Bódìjà, mo ní aláta mi, mo ní ẹni tó ń bá mi kó ẹ̀fọ́ pamọ́. Níbí, ẹ̀bá títì nìkan ni mo ti ń rajà: tòmátì á ti rọ̀, ẹ̀fọ́ á ti rọ, owó rẹ̀ á sì tún wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n lọ? Ẹja tútù ńkọ́? Àbíkẹ́yìn mi kì í jẹ ẹran rárá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàbọ̀ sílùú Awùjalẹ̀, ìyàwó wa. Òkè-Àjẹ ni kí ẹ lọ, àmọ́ ẹ tètè jí o. Àárọ̀ làwọn ará oko ń sọ ẹrù kalẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú, ọwọ́ alágbàtà lẹ ó ti bá a. Ẹ wo ìdí ẹ̀fọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ojú ibi tí wọ́n ti gé e bá ṣì tutù, àárọ̀ yẹn ni wọ́n gé e. Bó bá ti gbẹ tó dúdú, omi lásán ni wọ́n wọ́n lé e lórí.

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ wá sí Sábó ní Ṣágámù fún ata, tòmátì àti àlùbọ́sà tó ń ti òkè Ọya wá. Ẹ̀yin àti aládùúgbò lè dáwó ra apẹ̀rẹ̀ kan pín. Ẹ rí i pé wọ́n tú u wò títí dé ìsàlẹ̀, torí èyí tó dára ni wọ́n ń tò sókè.

Ìyá Ìbejì: Fún ìdílé kékeré, owó ọkọ̀ á jẹ èrè yẹn tán. Àfi tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìnáwó.

Màmá Àgbà: Ọmọ mi, ẹja ò ní wọ́n ọ níbí. Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà sí wa, ọjà Olúwo tó wà níbẹ̀ ni kó o lọ. Wàá rí ẹpìà, wàá rí òbòkún. Ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja wò, kí inú rẹ̀ pọ́n dáadáa. Fi ìka tẹ ara rẹ̀. Bí ojú ìka bá dúró síbẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́ja. Tó o bá ń ra gààrí, tọ́ ọ wò: tiwa níláti kan, kó sì máa ró lẹ́nu. Má gbàgbé ewùrà tá a fi ń se ìkọ́kọrẹ́. Ọmọ tí kì í jẹ ẹran, ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja ni oúnjẹ rẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ṣé iye tí wọ́n bá pè náà ni mo máa san?

Ìyá Ìbejì: Rárá o, ẹ ná an! Ẹ sì máa rà lọ́wọ́ ẹnì kan náà títí á fi dá yín mọ̀. Á máa bu èènì fún yín, á sì máa pè yín lórí fóònù tí ọjà tuntun bá dé. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ dání lọ fún tòmátì, torí ooru inú ọ̀rá ló ń tètè bà á jẹ́.