Ọmọ tí wọ́n mú pẹ̀lú fóònù ní Ìgbógbó, olè ni àbí ẹni tí wọ́n ti ṣe ní jàǹbá?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Lánàá wọ́n mú ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá kan, kò lè ju ọdún 14 lọ, wọ́n ti gbé táyà dé kí alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, tó sáré dé, ẹ ṣáà mọ̀ pé látìgbà Badoo, àwọn ẹgbẹ́ apààyàn tó dà wá láàmú lọ́dún 2016 sí 2017, ẹni tí wọ́n bá ti pariwo lé lórí níbí, ẹ̀mí ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tí wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ẹ̀ ni mo rí ẹ̀yìn ẹ̀, àpá áyọ́ọ̀nù lọ́tùn-ún lósì, kì í ṣe ti àná o, ó ti pẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun tóun ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ṣe é, pé òun sá kúrò, gárèjì lòun ń sùn, àwọn bọ̀ọ̀dá kan ló ń bọ́ òun. Ọlọ́pàá ti gbé e lọ. Mi ò sùn. Irú ọmọ yìí, kí ni ká pè é?

Bọ̀bọ́ Òwútù:
Mummy, àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń bọ́ ọ yẹn, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. SS1 ni mo wà táwọn kan máa ń dúró dè mí lọ́nà ilé ìwé, wọ́n á gba owó ọkọ̀ mi, wọ́n á gbá mi létí, lọ́jọ́ kan ọ̀kan nínú wọn ní tí mo bá wá sáàárín àwọn, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn mí mọ́. Mo lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n lù mí bí ẹní lu bàrà, wọ́n ní mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, láàárọ̀ mo sọ fún mummy mi pé ibi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni mo ti ṣubú. Oṣù mélòó kan sí i èmi náà ti ń gbá ọmọ ẹlòmíì létí. Títí dòní kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló kọ́kọ́ nà ẹ́.

Oníṣọ́ọ̀bù Sábó:
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣàánú. Wọ́n gún ọmọṣẹ́ mi lọ́bẹ níkùn lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kéékèèké ló ṣe é, títí di báyìí kò lè gbé jẹnẹrétọ̀ mọ́, ta ló ń bá òun sunkún? Èmi náà sùn ní gárèjì rí, mi ò jalè. Ìyà kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Tíṣà Agric:
Ọ̀gá Oníṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó kàn máa lọ. Bóyá Ọlọ́run ló yọ yín, táwọn bọ̀ọ̀dá yẹn ò kọ́kọ́ rí yín. Wọ́n fòfin de oògùn ikọ́ oní-codeine lọ́dún 2018, tramadol tó jẹ́ oògùn ìrora àti colorado tó jẹ́ igbó àtọwọ́dá ò kúrò nílẹ̀, ẹni tó ń fún ọmọ ọdún 13 ní tramadol kó lè láyà, ẹ pe ìyẹn náà ní kí ni? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà, ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2003, ti Èkó lọ́dún 2007, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, Family Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé, ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe kí wọ́n jù ú sí sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà. Òfin kan náà ló ní àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lo ọmọdé fún iṣẹ́ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lójú títì lọwọ́ máa ń tó. Ìyá Ìbejì, ẹ lọ sí téṣàn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àpá yẹn sínú stétímẹ́ǹtì, kí wọ́n pe àwọn welfare.

Oníṣọ́ọ̀bù Sábó:
Kí wọ́n mú àwọn bọ̀ọ̀dá náà, mo fara mọ́ ìyẹn. Owó ọsibítù ọmọṣẹ́ mi ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó:
Mo ti dé o. Èmi àti alága la jọ lọ, ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n jókòó ẹ̀ sí, kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì, ọpẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àpá yẹn sílẹ̀, wọ́n ní welfare ń bọ̀. Mo gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ fún un, kò fọwọ́ kàn án, ó kàn ń bi mí ṣáá pé mummy, ṣé àwọn bọ̀ọ̀dá ò tíì mọ̀ pé ibí lòun wà.